Béárìn Ẹsẹ̀ Iwájú Ọkọ̀: Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Rẹ̀ Lójúde Ilé Ẹni

Nínú gbogbo irin tí ó para pọ̀ di ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí a ń pè ní píkọ́ọ̀pù, agbára káká ni a fi lè rí èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ wúwo tó ti béárìn ẹsẹ̀ iwájú, tí ẹni tí ó ni ọkọ̀ kò sì rántí rẹ̀ rárá títí di ọjọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Ẹ́ńjìnnì ni gbogbo ènìyàn ń ṣí wò ní òwúrọ̀ kí wọ́n tó gbéra. Táyà ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ta wò. Bíréèkì ni wọ́n ń tẹ̀ wò kí wọ́n tó dorí kọ ìsọ̀kalẹ̀ òkè. Ṣùgbọ́n òrùka irin tí ó fara sin sí ọ̀gbun họ́ọ̀bù (irin tí a ń de táyà mọ́), tí ojú kò tó, tí ọwọ́ kò sì kàn, òun gan-an ni iwájú ọkọ̀ jókòó lé lórí tọ̀sán tòru. Bí píkọ́ọ̀pù kan bá wọn tọ́ọ̀nù 2 láìtíì kó ẹrù, ohun tí ó lé díẹ̀ ní ìdajì ìwọ̀n yẹn ni ó wà níwájú níbi tí ẹ́ńjìnnì gbé jókòó, èyí ni pé béárìn iwájú kọ̀ọ̀kan ń gbé nǹkan bí 500 kìlógíráàmù kí a tó ka kòtò ojú ọ̀nà mọ́ ọn. Táyà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a sì máa yí ju ìgbà 400 lọ nínú kìlómítà kan ṣoṣo. Nítorí náà ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn lọ sí Èkó, tí ọ̀nà náà tó nǹkan bí 130 kìlómítà, béárìn rẹ̀ ti yí ju ìgbà 50,000 lọ kí ó tó sọ ẹrù kalẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó kí i pé ó kú iṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé pípààrọ̀ irú ohun bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ alágbára ni, iṣẹ́ ẹni tí ó lè fi òòlù ńlá na irin títí irin yóò fi gba fún un. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bí òwe yìí bá bá iṣẹ́ kan mu nínú gbogbo iṣẹ́ tí àwọn ọmọ Ògún Lákáayé ń fi ọwọ́ ṣe, iṣẹ́ béárìn ni. Ìdọ̀tí àti àìmọ̀wọ̀n ni ó ń pa béárìn tuntun láìtọ́jọ́, kì í ṣe àìlágbára ẹni tí ó dè é. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tí ó bá ní sùúrù, tí ó ní irinṣẹ́ tí ó yẹ, tí ó sì ní odidi ọjọ́ kan lójúde ilé ara rẹ̀ láìsí ẹni tí ń kán an lójú, lè ṣe iṣẹ́ yìí kí ó sì dára.

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí béárìn ń ṣe, kí a rántí àwọn agégẹdú inú igbó Oǹdó: bí wọ́n bá fẹ́ mú ìtì ìrókò kúrò lójú kan, wọn kì í wọ́ ọ nílẹ̀ lásán, nítorí ilẹ̀ yóò dì í mú ṣinṣin, igi róbótó ni wọ́n ń tò sábẹ́ rẹ̀, bí igi wọ̀nyí bá sì ti ń yí, ìtì tí ogún ọkùnrin kò lè wọ́ yóò máa gorí wọn lọ wẹ́rẹ́. Béárìn kò ju báyìí lọ. Òrùka irin méjì ni, ọ̀kan nínú èkejì. Láàárín wọn ni a to bọ́ọ̀lù irin tàbí irin róbótó gígùn sí, tí àwọn wọ̀nyí ń yí tí òrùka kan sì ń yí lórí wọn nígbà tí èkejì dúró gbọn-in. Gíríìsì ni ó ń mú kí irin má fi ara gbo irin, síìlì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì ni ó ń dí ọ̀nà mọ́ omi àti erùpẹ̀.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ní 1794 ni Philip Vaughan, ará Carmarthen ní ilẹ̀ Wales, gba ìwé àṣẹ lórí bọ́ọ̀lù irin tí ó tò sí ìdí ọ̀pá kẹ̀kẹ́-ẹṣin. Ní 1883, Friedrich Fischer ní ìlú Schweinfurt ní Jámánì ṣe ẹ̀rọ tí ń lọ bọ́ọ̀lù irin títí gbogbo wọn yóò fi dọ́gba, ìdọ́gba yìí sì ni gbogbo ẹ̀mí béárìn, nítorí bí ọ̀kan bá fi bíńtín tóbi ju àwọn yòókù lọ, òun nìkan ni yóò gbé ẹrù gbogbo wọn títí yóò fi fọ́. Nígbà tí ó di 1898, Henry Timken, ọmọ Jámánì tí ó fi kíkan kẹ̀kẹ́-ẹṣin là ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, gba àṣẹ lórí irú béárìn mìíràn tí irin inú rẹ̀ gùn, tí orí kan rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju èkejì lọ. Ohun tí ó rí ni pé ẹrù ọkọ̀ kì í tẹ béárìn láti òkè nìkan. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà, ẹrù a tún máa ti béárìn láti ẹ̀gbẹ́, irin tí a dà ní ìdàgẹ̀rẹ̀ sì lè gbé méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo bí nǹkan yìí ti ṣe pàtàkì tó: ní 1943, nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà fò lọ ju bọ́ǹbù sí Schweinfurt lẹ́ẹ̀mejì, ní oṣù kẹjọ àti ní oṣù kẹwàá, nítorí ilé iṣẹ́ béárìn ni ó pọ̀ sí ìlú náà, àwọn ọ̀gá ogun sì mọ̀ pé níbi tí béárìn bá ti wọ́n, kò sí ọkọ̀ ogun tí yóò lè yí.

Béárìn kì í kú láìráhùn. Ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń gbọ́ ni ìró kan tí ń kùn hùn-ùn láti abẹ́ ọkọ̀, tí kò sí nígbà tí ọkọ̀ bá ń rọra lọ, tí ó sì ń ga sí i bí eré ti ń ga sí i. Nítorí pé ìró náà jọ ti táyà tí kò jẹ dọ́gba, àwọn mìíràn ti ná owó táyà tuntun mẹ́rin kí wọ́n tó mọ̀ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn ni pé ìró táyà a máa yí padà bí ojú ọ̀nà bá yí padà, bí ọkọ̀ bá kúrò lórí ọ̀dà àtijọ́ tí ó ti hun tí ó bọ́ sórí ọ̀dà tuntun. Ṣùgbọ́n ohùn béárìn ọ̀kan náà ni níbi gbogbo. Bí ó bá ṣì rú ni lójú, kí a gbé táyà iwájú lọ sẹ́yìn kí a sì gbé ti ẹ̀yìn wá síwájú: bí ìró bá tẹ̀lé táyà, táyà ni, bí ó bá dúró síbi tí ó wà, kí a dojú kọ béárìn.

Láti mọ apá tí ó ń ṣe é, kí a wá ọ̀nà tí ó tẹ́jú tí kò sí ọkọ̀ lórí rẹ̀, kí a sáré níwọ̀nba, kí a sì rọra darí ọkọ̀ sí òsì díẹ̀, lẹ́yìn náà sí ọ̀tún. Bí ọkọ̀ bá ń lọ sí òsì, ẹrù rẹ̀ ń rọ́ lọ sí apá ọ̀tún. Bí ìró bá wá ga sí i nígbà náà, béárìn ọ̀tún ni kí a fura sí, bákan náà ni ní ìdàkejì. Àmọ́ kí a má tìtorí èyí nìkan ná owó. Kí a fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ náà kúrò nílẹ̀, kí a fi ọwọ́ kan di orí táyà mú, kí a fi èkejì di ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí a máa tì í kí a sì máa fà á. Ẹsẹ̀ tí ara rẹ̀ le kì í mì. Bí ó bá ń mì, kí ẹnì kan wọ inú ọkọ̀ kí ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ ṣinṣin: bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, béárìn ni ó ti lọ, nítorí bíréèkì ti so họ́ọ̀bù pọ̀ mọ́ irin àgbéró, ìyẹn irin ńlá tí ó gbé e ró, bí ó bá sì ń mì síbẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì ni kí a lọ yẹ̀ wò. Mímì tí a bá rí nígbà tí a fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ òsì àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún táyà, táì ródù, ọ̀pá tí ń darí ẹsẹ̀, ni ó sábà máa ń jẹ́. Àyẹ̀wò kan tún wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ, òun ni pé kí a gbé ìka ọwọ́ kan lé sípíríńgì nígbà tí a ń fi ọwọ́ kejì yí táyà jẹ́jẹ́: bí béárìn bá ti ń họra nínú, ìka yóò gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ni í rí ìfun inú eèrà.

Omi ni olórí ọ̀tá béárìn. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti sáré jìnnà tí họ́ọ̀bù gbóná, tí ó sì kó wọ inú àgbàrá lójijì, afẹ́fẹ́ inú béárìn yóò sún kì nítorí òtútù, yóò sì máa fa omi gba etí síìlì wọlé. Omi náà yóò ba gíríìsì jẹ́, irin yóò sì máa dógùn-ún láti inú wá láìsí àmì kankan lóde. Àwọn tí ń gbé Èkó ní oṣù kẹfà àti oṣù keje kò ní béèrè irú àgbàrá tí mo ń wí. Kòtò ni ọ̀tá kejì: bí táyà bá jìn sínú kòtò lórí eré, bọ́ọ̀lù irin yóò tẹ ojú òrùka tí ó ń yí lórí rẹ̀ débi pé yóò jìn wọ inú rẹ̀ díẹ̀, ojú ọgbẹ́ kékeré yẹn ni irin yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní èépá-èépá. Àpọ̀jù ẹrù ń ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú, rímù tí ó yọ síta ju bí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ lọ sì ń fi ẹrù kún ẹrù nítorí ó ń fa ìwọ̀n ọkọ̀ kúrò lójú ibi tí béárìn ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní ti àwọn ará wa tí ó wà ní Chicago tàbí Manchester, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ni ó ń jẹ họ́ọ̀bù mọ́ irin tí ó gbé e ró débi pé méjèèjì a di ọ̀kan. Àwọn ni wọ́n mọ ìrora títú béárìn jù.

Kí a tó lọ sí ọjà, kí a kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ọkọ̀ wa ń lò, nítorí oríṣi mẹ́ta ni wọ́n wọ́pọ̀. Ti àtijọ́ ni ti Timken tí mo sọ, béárìn méjì tí ó ṣeé tú, ọ̀kan ńlá nínú àti ọ̀kan kékeré níta, tí a ń fi gíríìsì sí tí a sì ń fún ní ìwọ̀n. Òun ni ó wà nínú Peugeot 504 akẹ́rù àti nínú àwọn Hilux àtijọ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ń wà. Èkejì ni èyí tí a ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọ inú irin. Ẹ̀kẹta, tí ó wà lára ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ayé ìsinsìnyí, ni èyí tí béárìn àti họ́ọ̀bù ti jẹ́ ẹyọ kan láti ilé iṣẹ́ wá, tí a fi bọ́ọ̀tì mẹ́ta tàbí mẹ́rin dì mọ́ irin àgbéró láti ẹ̀yìn. Ẹ̀kẹta yìí ni ó rọrùn jù fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nílé, òun ni n óò sì kọ́kọ́ sọ.

Ní ọjà Ladípọ̀ ní Múṣin, àti níbikíbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, ojúlówó ń bẹ, ayédèrú ń bẹ, tòkunbọ̀ náà ń bẹ. Béárìn tòkunbọ̀ ni n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti rà, nítorí kò sí ojú tí a lè fi wo inú rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ayédèrú a sì máa tẹ orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bí SKF, NSK, Koyo àti Timken sára irin tí kò jáde láti ọ̀dọ̀ wọn. Kí a wo lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ bóyá ó mọ́ kedere, kí a fi wé ti ara páálí rẹ̀, kí a sì fura gidigidi sí èyí tí owó rẹ̀ kéré ju ti gbogbo ọjà lọ. Kí a mú ti àtijọ́ dání tàbí nọ́ńbà ara rẹ̀, kí a ka ihò bọ́ọ̀tì, kí a wo bóyá wáyà sẹ́ńsọ̀ ABS (ètò tí kì í jẹ́ kí bíréèkì di táyà pa) wà lára rẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀tì ńlá orí ṣáàfù, ọ̀pá tí ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, kí a ra tuntun rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ṣe fún ìlò ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló kàn báyìí, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tí yóò dáwọ́ lé iṣẹ́ yìí kà á lẹ́ẹ̀mejì. Jáàkì fún gbígbé ọkọ̀ ni, kì í ṣe fún dídá ọkọ̀ dúró. Ilẹ̀ tí ó tẹ́jú tí ó sì le ni kí a gbé ọkọ̀ sí, kì í ṣe orí iyanrìn. Kí a fa bíréèkì ọwọ́, kí a fi òkúta tàbí igi ńlá há táyà ẹ̀yìn méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn. Kí a dẹ nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá gbé e sókè, kí a ti sítáǹdì irin tí agbára rẹ̀ tó ìwọ̀n ọkọ̀ sábẹ́ ṣásísì, kí a sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lé e, kí a sì fi ọwọ́ tì í wò kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ abẹ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ilé kíkọ́ kì í ṣe sítáǹdì. Ó lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan láìkọ́kọ́ là. Kí a lé àwọn ọmọdé kúrò nítòsí, kí a sì wọ awò tí ń dáàbò bo ojú, nítorí èérún irin tí òòlù bá ta kì í béèrè ọ̀nà.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú iṣẹ́ ni kí a ti fọ́n epo tí í tú irin tí ó dógùn-ún sí ìdí àwọn bọ́ọ̀tì ẹ̀yìn họ́ọ̀bù, kí ó rí òru mu. Ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí táyà bá ti kúrò, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì nígbà tí a ń dẹ nọ́ọ̀tì ńlá tí ó wà ní àárín, bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ń wà. Bí nọ́ọ̀tì náà bá ní kọ́tà-pín tàbí ètè tí a tẹ̀ wọ inú ọ̀pá, kí a kọ́kọ́ mú un kúrò. Lẹ́yìn èyí ni a óò tú kálípà bíréèkì pẹ̀lú irin tí ó dì í mú. Kí a má jẹ́ kí ó rọ̀ sórí ọ̀pá rọ́bà tí omi bíréèkì ń gbà, nítorí inú rọ́bà náà lè ya láìhàn sójú. Wáyà ni kí a fi so ó kọ́ ara sípíríńgì. Dísìkì yóò yọ, wáyà sẹ́ńsọ̀ ni a óò sì tú kúrò lára ibi gbogbo tí wọ́n ti kọ́ ọ, jẹ́jẹ́, nítorí ó máa ń gbó ó sì máa ń ṣẹ́.

Àwọn bọ́ọ̀tì ẹ̀yìn ni a óò wá tú, tí a óò sì bá ìṣòro ńlá inú iṣẹ́ yìí pàdé: bọ́ọ̀tì ti dẹ̀, họ́ọ̀bù kò mì. Ibi tí àwọn oníkánjú ti ń ba nǹkan jẹ́ nìyí. Ọ̀nà tí ó dára ni pé kí a má tú bọ́ọ̀tì tán, kí a dẹ̀ wọ́n ní yíyí mélòó kan, kí a sì fi ọ̀pá irin lé orí wọn lẹ́yìn kí a máa lù wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yípo yípo, kí họ́ọ̀bù máa jáde dọ́gbadọ́gba. Bí kò bá gbọ́, kí a tún fọ́n epo, kí a jẹun, kí a padà wá. Irinṣẹ́ tí a ń fi fa họ́ọ̀bù jáde wà, ó sì yẹ kí a yá a lọ́wọ́ mẹkáníìkì àdúgbò ju kí a fi òòlù fọ́ irin àgbéró. Orí ṣáàfù ni kí a má lù rárá, àfi bí a bá ti dá nọ́ọ̀tì àtijọ́ padà sí etí rẹ̀ tí a sì fi igi gba ìlù náà, nítorí bí ojú ìdè orí rẹ̀ bá ti wó, ṣáàfù tuntun ni a óò rà.

Nígbà tí họ́ọ̀bù bá ti jáde, gbogbo ẹni tí ó bá wà níbẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ yóò máa yá láti ti tuntun wọlé. Kí a dúró. Inú ihò tí àtijọ́ ti jáde ni iṣẹ́ gidi wà: kí a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìdógùn-ún rẹ̀ títí irin yóò fi dán, kí a fi yanrìn-pépà pa ibi tí ó bá yọ gọngọ rẹ́, kí a fi aṣọ mímọ́ nù ún, kí a sì fi ìka tọ́ gbogbo etí rẹ̀ yí ká. Bí èépá ìdógùn-ún kan bá ha sáàárín họ́ọ̀bù tuntun àti ibi tí yóò jókòó sí, họ́ọ̀bù yóò jókòó ní ìdàgẹ̀rẹ̀, dísìkì yóò máa gbọ̀n, bíréèkì yóò máa ta ẹsẹ̀ ẹni, a ó sì máa dá ẹni tí ó ta béárìn fún wa lẹ́bi. Epo tí kì í jẹ́ kí irin lẹ̀ mọ́ irin ni kí a fi pa inú ihò náà fẹ́ẹ́rẹ́, láìjẹ́ kí ó kan sẹ́ńsọ̀ tàbí ojú dísìkì. Ní ti sẹ́ńsọ̀, ọ̀pọ̀ béárìn ìsinsìnyí ni ó ní òrùka olóòfà lára tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń ka bí ẹsẹ̀ ti ń yí. Kí a má gbé irú béárìn bẹ́ẹ̀ sórí tábìlì tí èérún irin wà, nítorí òòfà yóò kó wọn jọ, iná ABS yóò sì tàn.

Ọwọ́ ni kí a fi kọ́kọ́ dé gbogbo bọ́ọ̀tì, kí a tó fi sípánà kàn wọ́n. Kí a fún wọn ní ìkọjúsíra díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe kí a fún ọ̀kan parí kí a tó kan èkejì. Lẹ́yìn náà ni kí a lo sípánà oníwọ̀n, èyí tí ń dún kẹ́kẹ́ nígbà tí agbára bá pé, iye tí ó wà nínú ìwé ọkọ̀ náà gan-an ni kí a sì tẹ̀lé, nítorí ti ọkọ̀ kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Nọ́ọ̀tì ńlá àárín ni kí a fún pẹ̀lú ìwọ̀n yìí ju ohun gbogbo lọ. Nínú ọ̀pọ̀ béárìn tí a so pọ̀ mọ́ họ́ọ̀bù, nọ́ọ̀tì yìí ni ó ń fún òrùka inú pọ̀: bí ó bá dẹ̀ jù, òrùka yóò máa rìn, ooru yóò sì jẹ ẹ́, bí a bá sì fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbá a mọ́ra títí ó fi ké, àṣejù ni baba àṣetẹ́. Kí a má gbàgbé pé ọkọ̀ tí nọ́ọ̀tì yìí kò tíì fún tán kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, kì í ṣe fún ìṣẹ́jú kan láti tì í kúrò lójú ọ̀nà, nítorí ìwọ̀n ọkọ̀ yóò ya inú béárìn tuntun kí ó tó rin ìrìn àkọ́kọ́ rẹ̀.

Ní ti béárìn àtijọ́ tí ó ṣeé tú, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ti ọwọ́ àti ti etí. A óò yọ ìdérí gíríìsì, kọ́tà-pín àti nọ́ọ̀tì. Họ́ọ̀bù yóò jáde pẹ̀lú béárìn kékeré ní ẹnu rẹ̀. Òrùka ìta tí ó há sínú họ́ọ̀bù ni a óò fi ọ̀pá bàbà lù jáde, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn èkejì, a kò sì gbọdọ̀ fi òrùka àtijọ́ sílẹ̀ fún béárìn tuntun, nítorí òun àti béárìn àtijọ́ ti kọ́ ara wọn bí a ti ń yí. Kẹrosíìnì ni a fi ń fọ inú họ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n kí ó gbẹ tán kí gíríìsì tó dé ibẹ̀. Láti fi gíríìsì sínú béárìn, ìwọ̀nba rẹ̀ ni a ń bù sí àtẹ́lẹwọ́, tí a ó sì máa tẹ etí béárìn tí ó fẹ̀ mọ́ ọn títí gíríìsì yóò fi yọ lókè láàárín àwọn irin. Fífi ìka pa á lára lóde lásán kò tó. Oríṣi gíríìsì méjì kì í bára wọn gbé nínú họ́ọ̀bù kan. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti padà sáyè, pẹ̀lú síìlì tuntun, a óò fún nọ́ọ̀tì mọ́ra bí ọwọ́ kejì ti ń yí họ́ọ̀bù, kí àwọn irin lè jókòó. A óò dẹ̀ ẹ́ padà. A óò wá fún un lọ́tun níwọ̀nba tí ìwé ọkọ̀ sọ, kí a tó fi kọ́tà-pín tuntun dè é. Nínú àwọn lọ́rì ńlá, ààyè tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún béárìn láti mì kò ju àárín 0.025 sí 0.127 mìlímítà lọ, ohun tí ojú lásán kò lè rí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ ìwọ̀n olójú-aago wọ̀n ọ́n.

Béárìn tí a ń tẹ̀ wọ inú irin ni kí onílé má fi òòlù gbìyànjú. Agbára tí yóò fi wọlé pọ̀, bí a bá sì lu òrùka inú nígbà tí òrùka ìta ni ó yẹ kí ó rìn, gbogbo ìlù náà yóò gba ara bọ́ọ̀lù irin kọjá, yóò sì dá ojú ọgbẹ́ sí wọn lára ní ọjọ́ tí a rà wọ́n. Kí a tú irin àgbéró náà lódindi, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀, kí a sì dúró tì wọ́n láti rí i pé òrùka ìta ni wọ́n ń tẹ̀ bí béárìn ti ń wọ inú irin, àti pé wọ́n fi ohun mìíràn gbé òrùka inú ró nígbà tí họ́ọ̀bù bá ń wọ inú béárìn.

Kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, kí a tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan títí ẹsẹ̀ yóò fi bá a ní líle, nítorí a ti ti pístìnnì kálípà sẹ́yìn, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ lè lọ sílẹ̀ lófo. Nọ́ọ̀tì táyà ni a óò fún ní ìkọjúsíra, a ó sì tún padà fún wọn wò lẹ́yìn nǹkan bí 100 kìlómítà. Kí a wà á ní àdúgbò láìsáré, kí a gbọ́ bóyá ìró ti lọ, kí a wo bóyá iná ABS kò tàn, kí a sọ̀ kalẹ̀ kí a fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ họ́ọ̀bù apá méjèèjì láti mọ̀ bóyá ooru wọn jọra.

Àwọn ènìyàn a máa béèrè bóyá ó yẹ kí a pààrọ̀ ti apá kejì pọ̀. Ṣọ́ọ̀kì àti páàdì bíréèkì ni a kì í pààrọ̀ ní ẹyọ kan. Béárìn kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó dákẹ́ tí kò sì mì, kí a fi í sílẹ̀ kí ó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí jáàkì àti sítáǹdì ti wà nílẹ̀, kí a gbé apá kejì náà sókè, kí a mì í láti òkè àti ìsàlẹ̀, kí a gbé ìka lé sípíríńgì rẹ̀, kí a sì kọ nọ́ńbà ara béárìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà àti iye kìlómítà tí ó wà ní ojú aago ọkọ̀ sínú ìwé, kí ẹni tí yóò ṣe apá kejì lè mọ ohun tí yóò béèrè ní ọjà.